Òkín Kò Gun Afárá

Ọkọ̀-irin kékeré náà dé ẹsẹ̀ afárá, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àyọ̀ká Ọláwoyin rò pé ìdọ̀tí ló wà lójú irin. Ó fi aṣọ nù ún tónítóní, ó sì fi ìka kan ti ọkọ̀ náà síwájú. Ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn. Ó tún tì í, ó tún fà sẹ́yìn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ fà wọ inú omi. Nígbà tó fọwọ́ bà á lórí, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn kún inú yàrá, síbẹ̀ orí obìnrin náà wú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ ìṣeré tí kò gùn ju apá lọ fi lè dẹ́rù ba obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta gbọ́dọ̀ mọ irú ayé tí wọ́n ń gbé nígbà náà. Láyé ìgbà yẹn, Ọ̀fà ti di ìlú ńlá. Ọkọ̀-irin kò fẹsẹ̀ kan irin mọ́. Agbára oòfà ló ń gbé e fò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè irin, a sì máa ti Ọ̀fà dé Èkó kí ẹni tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná tó mu ún tán. Ọkọ̀ olóòfà ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn àwọn ènìyàn kan ń fà sí èyí tí wọ́n lè gbé lé tábìlì, kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń rọra yí po. Àwọn olùkójọ ni wọ́n ń pe irú wọn, Àyọ̀ká sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn.

Ilé-iṣẹ́ Aràbarà ní Ìbàdàn ló ń ṣe èyí tó dára jù. Wọn a máa gbin ohun tí wọ́n ń pè ní irúgbìn-iyè sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹran ara tí kò tó hóró ẹ̀wà, tí wọ́n mú hù nínú ìgò, tó lè rántí ọ̀nà, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ sáré àti ìgbà tó yẹ kó rọra. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wọn fi ń rìn bí ẹni pé awakọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Aràbarà kì í ṣe ọkọ̀ sílẹ̀ de oníbàárà. Wọ́n á gbé àwòrán ọkọ̀ tuntun jáde, wọ́n á ní kí ẹni tó bá wù fi orúkọ sílẹ̀ dè é. Bí orúkọ bá pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á ṣe é. Bí kò bá pé, wọ́n á ká àwòrán nílẹ̀, ó parí. Ìforúkọdè ni àwọn olùkójọ ń pe èyí, kò sì sí ohun tó ń mú oorun dá lójú wọn bíi rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Àyọ̀ká fi retí Òkín. Òkín ni ọkọ̀ olóòfà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ládiméjì, wà títí ó fi kú. Ní ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, àgbàrá wó òpó afárá odò Ọ̀yun. Ládiméjì rí i nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó tú orí ọkọ̀ kúrò lára ìyókù, ọgọ́rin èrò sì dúró sí bèbè láìfarapa. Orí ọkọ̀ nìkan ló bọ́ sódò, òun tìkára rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Aràbarà kéde Òkín kékeré, orúkọ Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ wọ inú ìwé.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta ku ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ ogójì ló ṣì kù. Àyọ̀ká kò lè jókòó. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀. Ó bẹ Múfútàù, aládùúgbò rẹ̀. Ó bẹ Olóyè Ẹ̀yìnlá, tí kì í ṣí páálí ohun tó bá rà, tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń tò wọ́n jọ sórí pákó bí ẹni tó ń to ìwé. Òun fúnra rẹ̀ sì tún fi orúkọ sílẹ̀ de mẹ́fà sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀ jálẹ̀: Bàbá Ṣíyanbọ́lá, olórí ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ Ọ̀fà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, tó ń darí ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù lẹ́gbẹ́," ni Àyọ̀ká wí fún un.

"Mi ò ní fi sílẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti rí irúgbìn rẹ̀, mi ò lè gbé e wọlé."

"Inú ìgò ló ti hù, Bàbá."

"Kí ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ìgò náà?"

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ kẹta, orúkọ ti pé.

Ní báyìí, Òkín dúró níwájú rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò sì gun afárá. Kò pẹ́ ni ojú Múfútàù yọ lára awojú, gíláàsì tí wọ́n fi ń pe ara wọn, tó wà lára ògiri.

"Àǹtí mi, ṣé tiyín ń rìn? Tèmi dé ibi afárá, ó kọ̀. Mo gbé e lé orí rẹ̀ tipátipá, ńṣe ló já ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀."

Kí wákàtí kan tó kọjá, olùkójọ mọ́kànlá ti pè. Ọ̀kan ní kò sí afárá nílé òun, rúlà lásán lòun fi ṣe afárá lójú irin, ọkọ̀ náà sì sá títí ó fi kọlu ògiri.

Bàbá Ṣíyanbọ́lá fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá wò ó. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí Àyọ̀ká gbé e lọ sí apá kejì tábìlì, níbi tí kò sí afárá, kó jẹ́ kó máa lọ. Òkín ń lọ jẹ́jẹ́. Ó kọjá lára igi, ó kọjá lára ibùdókọ̀. Bó ṣe dé ẹ̀yìn ilé kékeré kan tí Àyọ̀ká fi páálí kọ́, ó fọn fèrè: gígùn méjì, kúkúrú mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan.

Àyọ̀ká di etí tábìlì mú. Bí Ládiméjì ṣe máa ń fọn fèrè nìyẹn bó bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé wọn, kí ìyá wọn lè gbé ọbẹ̀ kaná. Kò sí nínú òfin ọkọ̀-irin. Kò sí awakọ̀ mìíràn tó ń fọn ọ́n bẹ́ẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbọ́ fèrè yìí níbi iṣẹ́," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àyọ̀ká, ta ni wọ́n gbìn sínú nǹkan yìí?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Dókítà Tinúadé Ọ̀ṣúntókí ló gbà wọ́n lálejò, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbin irúgbìn-iyè ní Aràbarà. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ó fún wọn lómi, ó sì gbọ́ ẹjọ́ wọn tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgò wẹ́wẹ́ kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, ohun pupa kan tí kò tó hóró ẹ̀wà sì léfòó nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Gbogbo awakọ̀ olóòfà ló ń dé fìlà ìṣọ́, tó ń wo ọpọlọ wọn kí wọ́n má baà sùn lọ. Fìlà ẹ̀gbọ́n yín kò bàjẹ́ nínú omi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ la fi kọ́ irúgbìn wa. Ta ló tún mọ Òkín wà jù ú lọ? Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Wákàtí kan péré nínú iyè rẹ̀ ni."

"Wákàtí wo?" ni Àyọ̀ká bi í.

Dókítà wo ilẹ̀. "Èyí tó kẹ́yìn. Òun nìkan ni fìlà máa ń tọ́jú."

Bàbá Ṣíyanbọ́lá fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ó ń bẹ̀rù?"

"Ìṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ló ń ṣe, Bàbá. Kò mọ ohun tó ń ṣe."

"Mo ti rí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Mo ti rí ọkọ̀ tó ń jóná. Mi ò tíì rí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n. Ohun tí kò mọ ikú kì í sá fún un."

"Kò sí ẹ̀rí tó fi bẹ́ẹ̀ hàn, Bàbá. A ti wò ó."

"Ibi tí ẹ kò ti ní rí nǹkan kan lẹ wò."

Àyọ̀ká dìde. "Ẹ pa á. Gbogbo wọn. Ẹ pa iná wọn láti ibí."

"A ò lè ṣe é, ìyá. Oúnjẹ ogójì ọdún wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fún irúgbìn rẹ̀, kó má baà kú mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Bí ẹ bá pa iná ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń dúró. Irúgbìn kì í sùn."

Nígbà náà ni nǹkan kan sọ sí Àyọ̀ká lọ́kàn.

"Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tú jáde nínú páálí ńkọ́?"

Dókítà yíjú sí àwọn ìgò.

"Mo ní, àwọn tó wà nínú páálí ńkọ́! Kí ni wọ́n ń ṣe nínú òkùnkùn yẹn?"

"Wákàtí yẹn náà ni," ni Dókítà wí nígbẹ̀yìn. "Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ní ẹ̀gbọ́n?" Ọ̀wọ̀ ti kúrò lẹ́nu Àyọ̀ká. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ burúkú yìí?"

Omi lé ròrò sójú Dókítà, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè. "Ìyá, bí orúkọ kò bá pé ni, a kì bá tí gbìn ín. Ìwé rẹ̀ wà níhìn-ín. Ogójì tó kẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ mú wọn wá."

Àwọn méjèèjì padà sí Ọ̀fà. Àyọ̀ká wọlé tààrà, ó gbé Òkín lé itan, ó sì fi irin wẹ́wẹ́ tó fi ń tún ọkọ̀ ṣe tú ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìbòrí ṣí, ó rí irúgbìn náà, pupa, tútù, ó ń lù kìkì bí ọrùn ẹyẹ tí wọ́n dì mú. Ọwọ́ Àyọ̀ká kò gbé e. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Ó kú sáàárín ìbẹ̀rù, kò gbọ́ pé èrò kankan kò kú.

Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "ọkọ̀ yín ti dúró. Gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀. Ọgọ́rin ni wọ́n, mo kà wọ́n fúnra mi, wọ́n ti lọ sílé wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà rọ̀, ìgbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró díẹ̀. Nínú ìwọ̀n díẹ̀ yẹn ló fi ọwọ́ fa irúgbìn náà yọ kúrò lára oúnjẹ rẹ̀, ó sì dẹ́kun lílù.

Bàbá Ṣíyanbọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé títí Àyọ̀ká fi sunkún tán.

Láti ọjọ́ kejì, Àyọ̀ká gbé àpò kọ́ èjìká, ó padà sí gbogbo ilé tó ti bẹ̀. Múfútàù kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi lọ gbé tirẹ̀ wá. Àwọn mìíràn ṣépè fún un, síbẹ̀ wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ó jókòó ti ìkọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un, ó sì tú u. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti rí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbà nínú ogójì tó mú wá. Irinwó ó lé ọgọ́ta yòókù ti fọ́n ká, láti Kútọnu dé ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òṣùpá. Ó kọ̀wé sí wọn. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló dáhùn.

Ilé Olóyè Ẹ̀yìnlá ló lọ kẹ́yìn. Olóyè pàdé rẹ̀ níwájú ilé, kò ní kó wọlé. Ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, tó máa ń fi obì ránṣẹ́ sí i lọ́dún.

"Àyọ̀ká, ẹ̀yin lẹ wá síbí lọ́jọ́sí. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí. Ẹ ní n kò ní kábàámọ̀."

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́. Ènìyàn ni."

"Mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ti gbọ́." Ó fi awojú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn án. Aràbarà ti gbé àwòrán Òkín kejì jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé tó mọ ìbẹ̀rù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà orúkọ ti wọlé, ọ̀sán kò sì tíì pọ́n.

Àyọ̀ká wò ó títí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ara rẹ̀ tí kò tíì lò láti fi ta ọkọ̀ náà.

Olóyè ti ilẹ̀kùn. Àyọ̀ká jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ ohùn Olóyè tó ń ka orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìforúkọdè tuntun, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, jẹ́jẹ́, kí ẹ̀rọ má baà ṣì í kọ.