Obìnrin Tí Ẹnikẹ́ni Ò Yà Sínú Ilé Ọtí

Ẹni tó bá fẹ́ rín in, kó rín in. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòró, n ò sì fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà.

Géèmù orí kọ̀ǹpútà nípa ayé àtijọ́ la ń ṣe níbi iṣẹ́ wa: arìnrìn-àjò kan, idà kan, ogun láti ìlú dé ìlú. Ilé ọtí inú rẹ̀ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti ń sinmi ọgbẹ́, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ òfófó, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀tá kì í lé e dé. Iṣẹ́ mi ni kí n bá gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu wọn, kí n lè rí ibi tí àṣìṣe bá wà. Ká sòótọ́, yàtọ̀ sí Màmá lórí fóònù, àwọn nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti jáde nílé tí a ò rí i mọ́, ilé wa ti tú. Màmá ń dá gbé, èmi náà ń dá gbé. Kò sóhun tí mo fẹ́ láyé ju kí n mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ọ̀sán ni. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Mo ki íapíìsì bọ etí, mo wọ ilé ọtí náà. Iná ń ta pàrà. Ife ń kan ife. Obìnrin kan jókòó ní kọ̀rọ̀, ó kọ̀yìn sí mi. N ò rí i níbẹ̀ rí.

Mo pe ayàwòrán wa lórí fóònù.

"Ìwọ lo ya obìnrin sí kọ̀rọ̀?"

"Obìnrin wo? Kọ̀rọ̀ yẹn ṣófo. Jẹ́ n jẹun, jàre."

Mo sún mọ́ obìnrin náà. Ilé ọtí pa rọ́rọ́. Iná ń jó, kò dún mọ́.

"Bàbá Arúgbó," obìnrin náà ní.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, torí láti kékeré ni mo ti ń kùn bí àgbàlagbà. A kì í fẹnu bá àwọn ará inú géèmù sọ̀rọ̀, bọ́tìnnì là ń tẹ̀. Ẹnu ni mo fi dáhùn.

"Ibo lẹ wà? A wá yín, a wá yín tì."

"Èmi kẹ̀?" Ó yíjú. Òun ni. Irun rẹ̀ ti ń funfun. "Ilé ni mo wà, lọ́dọ̀ Màmá. Ìwọ lo jáde tí o ò padà."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Nígbà tó tàn, àga náà ṣófo.

Mo pe Màmá. Àná la ṣì jọ sọ̀rọ̀.

"Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ta?"

Mo dárúkọ ara mi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má fi ọmọ mi tó sọnù ṣeré."

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi: "Màmá, ta nìyẹn?"

Ó wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, bí mo bá pe nọ́ńbà yẹn, ó kàn ń dún ni. Wọn kì í gbé e.