Irun Inú Ìtẹ́ Ẹyẹ

Kí aṣọ tí Ìyálé fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ lórí okùn, òun fúnra rẹ̀ ti kú. Kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó kàn gbé omi gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí èyí tó gbẹ̀yìn, ó di àyà mú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mí ná." Èémí náà kò wá mọ́. Nígbà tí wọ́n tú síkáàfù orí rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sún sẹ́yìn. Irun tó kù lórí obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún kò tó ohun tí òòyà lè rí mú.

Ìyàwó ló di ẹsẹ̀ òkú mú lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí òun ló wọlé kẹ́yìn. Àbúrò ló fẹ́. Ìyálé ni aya ẹ̀gbọ́n, ìyẹn Bọ̀ọ̀dá gbẹ́nàgbẹ́nà, olórí ilé. Ọkọ Ìyàwó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè lo oṣù kan gbáko lójú ọ̀nà. Ìyàwó ní tirẹ̀ ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ló tú máṣíìnì ìyá rẹ̀ palẹ̀, ó jẹ ẹgba nítorí rẹ̀, ó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú, láìṣẹ́ku ẹyọ nọ́ọ̀tì kan.

Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan ò ti rọgbọ nílé náà. Oyún méjì bà jẹ́ lára Ìyálé. Oníbàárà ń dín kù lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, kódà ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sára pákó ń pòórá lójoojúmọ́. Ó ti lé ọmọṣẹ́ kan dànù nítorí rẹ̀. Ikú wá gun orí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyàwó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ya irun rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òòyà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó kó irun bọ̀ bí ẹni fa koríko tu lẹ́yìn òjò. Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì, òòyà tún kún. Ó wo irun tó kún ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ta bàtà níwájú ilé. Àtáṣímẹ́ǹtì tó dì mọ́rí gùn dé ìbàdí, síkáàfù rẹ̀ sì máa ń bo iwájú orí títí kan ìpéǹpéjú, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn.

"Àǹtí mi, kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Irun ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ Ìyálé. Nígbà tí irun tán, wọ́n gba ẹ̀mí. Ìwọ ló kàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi. Ọmọ wà lẹ́yìn mi."

"Bí n ò bá sọ, ṣé kò ní rí bẹ́ẹ̀ ni? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ó na ẹnu sí yàrá ẹ̀yìn. "Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń wọ orí gbogbo wa nínú ilé yìí?"

Ìyá Onídìrí ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Bàbá àwọn Bọ̀ọ̀dá tó ti kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun sì jẹ́ opó tí kò bímọ. Òun ló ń dirun fún gbogbo obìnrin ilé, àfi Àǹtí, tó ní irun tí Ìyá bá dì máa ń rọ̀ jù. Ìyá a fún un lésì pé, "Orí èèyàn ni mo ń dì, kì í ṣe okùn ewúrẹ́." Ó sì ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rí: bó bá dirun tán, a ṣa gbogbo èyí tó jábọ́ sílẹ̀, a ká a mọ́ ìka bí òwú, a sì kì í sápò.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí òun àti Ìyálé ní ìdájí," Àǹtí ń bọ́rọ̀ lọ, "wọ́n ń yọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ìpàdé wo ni wọ́n ń lọ nígbà tí adìẹ ò tíì sọ̀?"

Ìyàwó kò fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń ká aṣọ ọmọ, ẹyẹ dúdú kékeré kan fò kọjá lórí rẹ̀, ó sì bà sórí òrùlé Ìyá Onídìrí. Ohun kan ń fì lẹ́nu rẹ̀, ó gùn, ó tín-ín-rín. Oòrùn tó ń wọ̀ tàn sí i lára. Irun ni, ó sì pupa. Nínú gbogbo ilé, Ìyálé nìkan ló máa ń kun irun rẹ̀ ní pupa. Ẹyẹ náà wo Ìyàwó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí, ó sì wọ abẹ́ páànù lọ tòun ti irun òkú lẹ́nu. Ìyàwó fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn, ó sáré wọlé.

Lọ́jọ́bọ̀, atẹ́gùn ja ìtẹ́ ẹyẹ náà bọ́ síwájú ilẹ̀kùn Ìyá. Koríko díẹ̀ ló wà níta rẹ̀. Irun ni inú rẹ̀. Irun pupa ti Ìyálé wà níbẹ̀, dúdú rírọ̀ ti Ìyàwó wà níbẹ̀, àtáṣímẹ́ǹtì Àǹtí náà lọ́ mọ́ ọn. Igbe tí Àǹtí ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá sáré dé tòun ti òòlù lọ́wọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì rí apẹ̀rẹ̀ kan lábẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Irun kíká ló kún un dẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá na òòlù sí apẹ̀rẹ̀ náà. "Ìyá, kí lẹ ń fi irun ìyàwó mi ṣe?"

"Ìrọ̀rí kéékèèké ni mo fi ń ṣe, èyí tí àwọn aránṣọ ń gún abẹ́rẹ́ sí. Òróró inú irun ni kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dípẹtà."

"Háà! Irọ́ náà ò tilẹ̀ jọ irọ́ àgbà!" Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Níbo lò ń mú ìyàwó wa lọ ní ìdájí? Sọ ọ́!"

Àyà gbogbo wọn já nítorí "ìwọ" tó pe àgbàlagbà. Ìyá Onídìrí nìkan ni kò mira.

"Mo ti búra pé n kò ní sọ," ó ní. "Ẹni tí mo búra fún sì ti lọ."

"Kí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé," Bọ̀ọ̀dá wí, "kí ẹ ti kó ẹrù yín kúrò nínú ilé yìí."

Ìyàwó dúró láàárín wọn. Ká sọ òótọ́, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Bí arúgbó náà bá lọ, bóyá irun òun á dúró. Bóyá ọmọ òun kò ní di aláìníyàá. Ìrònú náà dùn mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ojú tì í.

Ó padà sídìí iṣẹ́, ó nawọ́ mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Nínú agolo, abẹ́rẹ́ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lára ìrọ̀rí pupa kékeré tí Ìyá fún un ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé ọkọ, gbogbo abẹ́rẹ́ ń dán, láti ọdún méjì wá. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìdí ìrọ̀rí náà. Irun ló tú jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n pè ní irọ́ ti di òótọ́. Ìyàwó mọ̀ pé bí nọ́ọ̀tì kan bá bọ́ sí ààyè rẹ̀, èèyàn kì í ju ìyókù nù.

Bí òwú bá ń já lára máṣíìnì, aláìmọ̀ a máa bú máṣíìnì. Ìyàwó kì í bú nǹkan kan. Ẹnu òwú ló máa ń wò. Bí ẹnu òwú bá rí jágajàga, irin kan ló ń họ ọ́. Bó bá fà tín-ín-rín kó tó já, wọ́n lọ́ ọ le jù ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá pé, kò já rárá. Ó yọ ni. Ó lọ ṣa irun inú ìtẹ́ ẹyẹ náà, ó tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun, ó gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé e.

Irun orí Àǹtí gan-an tó lẹ̀ mọ́ àtáṣímẹ́ǹtì fà, ó sì já. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fà tu tagbáratagbára. Ti Ìyàwó kò já. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó funfun bíńtín bí orí abẹ́rẹ́. Ó yọ ni. Ó wá gbé gíláàsì lọ sórí irun pupa. Kókó funfun. Kókó funfun. Kókó funfun. Tòun àti ti òkú, ọ̀kan náà ni. Gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó di irun náà sínú bébà mẹ́ta, ó pọn ọmọ, ó lọ sí ilé ìwòsàn.

"Wọ́n ń gbé ìgbẹ́ wá, wọ́n ń gbé ìtọ̀ wá," nọ́ọ̀sì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé irun wá." Àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó fa ìpéǹpéjú Ìyàwó sísàlẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gún ìka rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ yín pé. Ọmọ oṣù mélòó nìyí?"

"Mẹ́rin, mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oyún wà nínú yín, irun tó yẹ kó jábọ́ kò jábọ́. Ó dà bí èrò tí wọ́n dá dúró lẹ́nu géètì. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo wọn á rọ́ jáde pọ̀. Ẹ kò nílò oògùn. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ má dì í le. Kí ọmọ yìí tó pé ọdún kan, òmíràn á ti hù."

Omi bọ́ lójú Ìyàwó. Ó tú bébà irun pupa. "Èyí náà yọ bíi tèmi. Ẹni tó ni ín sì ti kú."

Nọ́ọ̀sì wo irun náà títí. "Ìyá àgbà kan ló mú obìnrin onírun pupa yìí wá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì, ní ìdájí, kí èrò tó dé. N kì í sọ̀rọ̀ aláìsàn fún ẹlòmíràn, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó ti kú... Nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi, ó ń tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì, ìjẹkújẹ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń fà. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó ìdajì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín, ara á kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkàn àti ọpọlọ. Irun ló máa ń fi sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọkàn náà á rẹ̀. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kò wá. Ìyá àgbà yẹn nìkan ló wá, ó dúró lẹ́nu géètì yẹn títí di ọ̀sán."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹrù Ìyá Onídìrí ti wà níta: àpótí kan, ìjókòó kékeré kan, apẹ̀rẹ̀ òòyà. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Ìyàwó tẹ́ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí tó gé sórí rẹ̀, ó sì to irun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣàlàyé máṣíìnì fún ẹni tó ni ín. Ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, títí kan ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ní kí Ìyálé wá gba ẹ̀jẹ̀ tí kò sì wá. Ó ní ẹyẹ kò jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Inú apẹ̀rẹ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé àti orí ààtàn ló ti ń ṣa ohun rírọ̀ tó fẹ́ yé ẹyin sí.

Àǹtí yọ ṣùtì. "Nọ́ọ̀sì wá di aríran! Níbo ni ẹ̀rí wà pé Ìyálé dé ibẹ̀?"

Ìyá Onídìrí tú etí ìró rẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn kan tó ti ká ló wà níbẹ̀. "Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọkọ òun, kí wọ́n má baà ní ilé ọmọ òun ti bà jẹ́. Mo búra pé n kò ní sọ. N kò búra pé n kò ní gbé e kalẹ̀." Ó gbé e lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́. "Ó yẹ kí n ti gbé e kalẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Bọ̀ọ̀dá kà á. Nígbà tó dé ìlà ibi tí wọ́n kọ ṣọ́ọ̀kì sí, ó jókòó sórí àpótí náà, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tó funfun. "Ṣọ́ọ̀kì mi," ó ní. "Mo lé ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọjọ́ Ẹtì wo?" Àǹtí béèrè. "Mo ní ọjọ́ Ẹtì wo ni wọ́n ní kó wá?"

"Èyí tó ṣáájú ikú rẹ̀," Ìyàwó wí, ó na ìka sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára káàdì.

Gbogbo ilé rántí. Ọjọ́ Ẹtì náà ni Àǹtí mú Ìyálé lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà, láìjẹ láìmu, kí àjẹ́ lè tú u sílẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú gòkè.

Bọ̀ọ̀dá dìde, ó fẹ́ gbé àpótí náà wọlé láti ẹ̀yìn. Ìyá dá a dúró. "Lójú gbogbo àdúgbò lẹ gbé e síta. Lójú gbogbo àdúgbò ni kẹ́ ẹ gbé e wọlé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e gba ẹnu ọ̀nà iwájú, pẹ̀lú omijé lójú.

Nírọ̀lẹ́, Ìyàwó ń fọṣọ ọmọ nígbà tí Àǹtí rìn lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, lẹ́yìn náà ó tú síkáàfù. Láti ẹ̀bátí dé ẹ̀bátí, iwájú orí rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn àwo. Ìyá Onídìrí wò ó. Ó fa ìjókòó kékeré sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Jókòó."

Kò dì í. Ó ń tú u ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfà.

"Ṣé á hù, mà?"

"Ibi tí irun wẹ́wẹ́ ṣì wà á hù, bí o bá jẹ́ kó sinmi. Ibi tó ti ń dán, n kò ní purọ́ fún ọ."

Àǹtí tẹrí sórí orúnkún rẹ̀. Irun tó ń tú ń bọ́ sílẹ̀. Ẹyẹ dúdú kékeré náà bà sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹnu mú ọ̀kan. Àǹtí gbé ọwọ́ sókè láti lé e, ó sì rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.