Òórùn Epo Lọ́nà Nsuano

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá rò pé àlọ́ ni mo ń pa, kó wọkọ̀ dé Techiman ní Gánà, kó béèrè Fósù láàárín àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Kó ní kó la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún òun wò.

Fósù ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ ọkọ̀. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Wọ̀fà, bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni níbẹ̀. Imú ló fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ti sọ fún ọ bóyá wáyà ló ń jó, tàbí bíréèkì, tàbí epo ẹ́ńjìnnì.

Lásìkò ọyẹ́, Dufie gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Agbẹ̀bí ni Dufie, ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé Nsuano ló ti ń ṣiṣẹ́.

“Wọ̀fà, òórùn inú ọkọ̀ yìí fẹ́ pa mí.”

Fósù fa imú lẹ́ẹ̀kan. “Epo ẹ́ńjìnnì ni. Ó ń kán sórí páìpù èéfín.”

Ó ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò, ó nu gbogbo epo tó ti dì mọ́ irin, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún bíi wákàtí kan. Ó gbẹ. Kò rùn mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Dufie padà dé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Wọ̀fà, ẹ fi mí ṣeré ni? Ó tún ń rùn.”

“Níbo?”

“Ibì kan ṣoṣo. Tí mo bá ti kọjá afárá, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọrọ̀. Tí mo bá ti kúrò níbẹ̀, ó tán.”

Fósù rẹ́rìn-ín. “Ṣé ọkọ̀ mọ kọrọ̀ yàtọ̀ sí títì ni?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo gbé aboyún kan lánàá. Bí òórùn yẹn ṣe gba inú ọkọ̀, ó ní iná ti ràn, ó já ilẹ̀kùn, ó bẹ́ sílẹ̀. Inú erùpẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti gbẹ̀bí ọmọ náà.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Fósù. Ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó síwájú ọkọ̀ Dufie.

Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n kọjá afárá. Wọ́n dé kọrọ̀. Òórùn náà dé, ó nípọn bí èéfín.

“Dúró. Pa á.”

Fósù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó tẹ imú mọ́ ẹ́ńjìnnì, òórùn eruku nìkan ló gbọ́. Ó gbé orí sókè. Ó tún gbọ́ òórùn epo.

“Nọ́ọ̀sì,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, “kì í ṣe ọkọ̀ rẹ ló ń rùn.”

“Kí ló wá ń rùn?”

Fósù tún fa imú. Ó kọjú sí inú igbó.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹyẹ ò ké. Wọ́n rìn wọ inú koríko, bí ogún ẹsẹ̀. Wọ́n sì gbọ́ ọ.

Tín. Tín. Tín.

Ìró tí irin ẹ́ńjìnnì máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá gbóná tó sì ń tutù. Fósù mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Koríko nìkan ló tẹ́ pẹrẹsẹ, ní ìwọ̀n ọkọ̀ kan. Epo dúdú kan kán sórí ewé. Ó rú èéfín. Òmíràn tún kán. Dufie gbójú sókè wo ibi tó ti ń kán. Oòrùn ló rí.

“Wọ̀fà, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo bẹ̀ yín.”

Fósù ti tẹ́wọ́ gba èyí tó tẹ̀ lé e. Ó jó o wọ ara. Kò ké. Ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Epo yìí ti gbó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.”

“Epo ta ni?”

Ó di ojú méjèèjì. Ó yọ sìpánà kan nínú àpò, ó nà án síwájú, níbi tó ṣe déédéé ìgbáròkó rẹ̀. Kó! Irin kan irin. Sìpánà náà mú bóòtì kan tí ojú kò rí. Ó yí i. Ó sún un, ó wá òmíràn, ó yí ìyẹn náà. Dufie ka mẹ́fà. Epo náà kán díẹ̀díẹ̀, ó dá.

Ẹ́ńjìnnì kan ké ramúramù níwájú Fósù gan-an. Ó fò sẹ́yìn, ó ṣubú. Koríko là, yanrìn fò, ohun kan gba àárín àwọn méjèèjì kọjá bọ́ sójú títì. Fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí awakọ̀ ṣe ń fun fèrè láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yà fún un. Ó gba ọ̀nà Techiman lọ.

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n padà dé afárá.

“Wọ̀fà, ta ló wà nínú rẹ̀?”

“Mi ò rí i.”

“Ṣùgbọ́n ó ti tán, àbí?”

Fósù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó. “Bóòtì nìkan ni mo fún le. Mi ò pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Bóòtì fífún kì í sì í tọ́jọ́.”

Láti ọjọ́ náà, kọrọ̀ yẹn ò rùn mọ́. Àwọn aboyún ń wọ ọkọ̀ Dufie láìbẹ̀rù.

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Fósù jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ kẹ́ńkè àti ẹja díndín. Lódìkejì ọ̀nà, àwọn tó ń na ara ọkọ̀ ń lu irin. Ó ń rí òòlù wọn tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Lójijì, kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Òórùn epo jíjó gba imú rẹ̀.

Ohun kan wọ inú ọgbà, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ilẹ̀kùn pa dé. Kò rí ọkọ̀, kò rí èèyàn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan dúró ti òun, nítorí ó rí òkèlè ọwọ́ ara rẹ̀ tó bọ́ sínú òjìji.

Fósù fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó mú gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta oríṣiríṣi jáde, nítorí kò mọ èyí tó máa bá a mu. Ó kọjú sí ibi tí òjìji náà ti wá.

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ó máa pẹ́ díẹ̀.”

Bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dún, bí ìgbà tí èèyàn tó sanra bá jókòó lé e.