Oko Tí Wọ́n Pa Ààlà Rẹ̀ Rẹ́

Hikmat dúró lẹ́bàá oko ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ọ̀fà. Koríko ti bo àgbàdo mọ́lẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, sì ń bọ̀ wá fún wọn ní máàkì ìdánwò.

Hikmat gan-an ló kó wọn sí wàhálà yìí. Ó kà nípa àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ dá èrò kọ́múníìsì sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kí ilẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má fi òógùn ẹlòmíràn ṣọlà. Orí rẹ̀ wú. Ó rọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi pa ààlà tó wà láàárín oko oníkálukú wọn rẹ́, pé kí wọ́n jọ roko, kí wọ́n jọ pín máàkì. Àṣé oníkálukú ń retí pé ẹnìkejì á lọ. Taofeek, ọ̀kan nínú wọn, nìkan ló ń lọ roko, títí ó fi sú u.

Jàmíù, ọmọ kíláàsì wọn, fa Hikmat sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí wọ́n sọ pé màlúù bàbá darandaran tó máa ń gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá ló jẹ àgbàdo. Hikmat mọ ohun tí àwọn fijilánté tó ń ṣọ́ ìlú lè fi ojú bàbá yẹn rí. Síbẹ̀, ẹ̀rù máàkì ń bà á, ẹ̀rù ojú Taofeek sì ń bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ dé, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Jàmíù ṣe fẹ́ la ẹnu, Hikmat ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. A ò roko ni. Èmi ni mo kà nípa kọ́múníìsì, tí mo ní ká pa ààlà rẹ́."

Máàkì kékeré ni gbogbo wọn gbà, Taofeek pẹ̀lú. Olùkọ́ kò pariwo. Ó ní òótọ́ ni àwọn onímọ̀ yẹn rí ìyà tó ń jẹ òṣìṣẹ́, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún wọn.

"Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá sóko, ta ló lọ bi í léèrè?"

Hikmat rántí àáró tí ìyá rẹ̀ àgbà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Òjòkú: wọ́n á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, ẹni tí kò bá lọ sóko ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí ẹni wá sí tirẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n tún ààlà fà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àáró. Oko Taofeek ni Hikmat kọ́kọ́ ro, ẹ̀rù ṣì ń bà á, nítorí ọmọ náà kò tíì kí i. Nígbà tó yá, Taofeek mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro bọ̀ wá bá a láti òdìkejì.

Ó wá yé Hikmat pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, oníkálukú gbọ́dọ̀ jíhìn iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, àti pé kò sí ẹ̀rù tó tó ohun tí a ó torí rẹ̀ parọ́ mọ́ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.