Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Kábánà Keje

Káàdì mẹ́ta ni wọ́n fi sínú àpò ìwé tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wa nínú ọkọ̀ òkun náà, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré la wọ ọkọ̀. Èmi ni mo já àpò náà. Káàdì Mummy wà níbẹ̀, tèmi wà níbẹ̀, ti Daddy náà sì wà níbẹ̀, orúkọ wọn hàn gàdàgbà lára rẹ̀: AMOS. Oṣù kẹrin nìyẹn tí a ti sin Daddy ní Plumstead.

Kí ẹ má baà di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ọwọ́ wa ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Daddy ló ṣètò ìrìn àjò yẹn fúnra wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì káàkiri Woolwich àti Thamesmead ní London, wọn ò sì mú Mummy débi tó kọjá etí òkun Margate rí. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n rí àwòrán erékùṣù kan lórí fóònù, erékùṣù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà dá ní láàárín òkun, tí ẹnikẹ́ni kì í dé àfi ẹni tó bá bá ọkọ̀ wọn lọ. Wọ́n gba yàrá fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì háyà kábánà kan sétí òkun níbẹ̀, ìyẹn àtíbàbà onípákó tó ní àga gbọọrọ, tó ní aṣọ funfun tí wọ́n ta yí i ká, àti ẹni tí yóò máa gbé omi tútù wá. Kábánà keje ni wọ́n mú. Wọ́n ní tó bá ti jẹ́ keje, kò sí wàhálà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sórí àga nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, wọn ò sì dìde mọ́. Mummy ti lọ ra ẹja. Èmi wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Belvedere, mò ń wẹ̀ fún bàbá ẹlòmíì, fóònù mi sì wà nínú lọ́kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Daddy pè mí. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan. Kí Mummy tó rí i, mo ti pa ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ lórí fóònù wọn, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀wé pé ká fi orúkọ àti àwòrán àwọn tó ń bọ̀ ránṣẹ́, Mummy jókòó tì mí nídìí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ yọ orúkọ Daddy kúrò. Kọ̀ǹpútà bi mí léèrè ìdí, ó ní kí n mú ọ̀kan: ṣé ara wọn ò yá ni, ṣé wọ́n yí ọkàn padà ni, àbí wọ́n kú. Mummy di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ọmọ kì í fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa bàbá ẹ̀ ránṣẹ́ sí àjèjì, pé Daddy lọ sinmi ni. Kò sí “lọ sinmi” nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ní ká mú. Mo bá fi orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi àwòrán wọn sí i, èyí tí wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a sì wọ ọkọ̀ ní Florida, ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó bi wá pé ẹni kẹta dà.

Káàdì yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mummy ló ń bà mí lẹ́rù. Láti ọjọ́ ìsìnkú, wọn ò jẹun kánú, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìrìn àjò yìí nìkan ló ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí à ń di ẹrù, wọ́n ká sùtánà wọn sínú báàgì, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa òjò.

“Adùnọlá, tí mo bá rí Daddy ẹ níbẹ̀, mi ò ní bá ẹ padà o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mummy ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ ní láti mọ ọ̀rọ̀ bàtà kí ohun tí mo rí tó lè yé yín. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, gbọ̀ngàn wa sì wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí létí odò ní Belvedere. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà, inú la ti ń wọ sùtánà, nítorí ẹni tó bá wọ sùtánà lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn. Tí ìsìn bá parí, bàtà á ti dàrú mọ́ra wọn, àwọn ìyá á máa bẹ̀rẹ̀ kiri. Mummy nìkan ni kì í wá tiwọn. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, Daddy á ti yọ́ jáde, wọ́n á wá bàtà Mummy rí, wọ́n á tò ó pọ̀, wọ́n á dojú ẹ̀ kọ ìta, kí Mummy ṣáà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí wọ́n máa lọ. Tiwọn, inú ni wọ́n ń dojú ẹ̀ kọ, nítorí àwọn ló ń ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣì máa padà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ẹ wo Romeo wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà, a tò síbi tí ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan ti ń fi ẹ̀rọ wo káàdì gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ti Mummy, ẹ̀rọ dún. Ó wo tèmi, ó dún. Ó wo àwọn orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá wa ti ṣáájú wa sọ̀ kalẹ̀, láago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Inú báàgì Mummy ni káàdì Daddy wà. Mo sọ fún ara mi pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Mummy kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kíákíá, àwọn tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n gun òkè Lesnes Abbey nítòsí ilé wa láti ọdún mélòó kan.

Iyanrìn ibẹ̀ funfun, omi rẹ̀ mọ́ débi pé a rí ẹja nínú ẹ̀ láti òkè. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Keziah ló ń tọ́jú kábánà keje, ọmọ erékùṣù ìtòsí ni, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ó ti to àga mẹ́ta, tówẹ́lì mẹ́ta, ife omi mẹ́ta. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ẹni mẹ́ta ló ṣáà wà nínú ìwé. Àmọ́ yìnyín wà nínú ife méjì, kò sí nínú ìkẹta, ìkẹta yẹn ló sì gbé síwájú Mummy. Mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bàbá tó wá láàárọ̀ ló ní kí òun má fi yìnyín sí ti ìyàwó rẹ̀, nítorí eyín máa ń ro ó. Mo bi í pé bàbá náà dà. Ó yíjú sí etí omi, ó ní ó lóun ń bọ̀.

Tútù tó mú mi níbẹ̀ nínú oòrùn yẹn, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe? A bọ́ sílípáàsì wa sẹ́nu ọ̀nà kábánà bí a ti ń ṣe nílé ní Thamesmead. Mo ju tèmi síbẹ̀ bákan ṣáá, ọ̀kan dojú dé. Mummy bọ́ tiwọn, wọ́n wọlé, wọ́n fa aṣọ funfun náà bo ara wọn. Wọ́n ní kí n lọ ṣeré nínú omi.

Mo lọ, mi ò lọ jìnnà. Omi ò ju orúnkún mi lọ tí mo ti ń gbọ́ ohùn Mummy lẹ́yìn aṣọ yẹn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, wọ́n á tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí n gbọ́ ẹ̀rín yẹn, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣe ni mo sáré jáde nínú omi.

Mummy nìkan ló wà nínú kábánà. Wọ́n ti wọ sùtánà. Òórùn rọ́ọ̀bù tí Daddy fi ń pa orúnkún gba gbogbo ibẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ wọn sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Wọ́n ti bọ́ yẹtí, wọ́n ti bọ́ òrùka. Wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n ní kí n bá àwọn dì í mú. Aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn ti padà sínú ọkọ̀.

“Jókòó,” ni Mummy wí. “Daddy ẹ ní kí n sọ fún ẹ. Wọ́n ní àwọn call ẹ lọ́jọ́ yẹn, three times.”

Mo jókòó sórí pákó.

“Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣe àwọn nígbà yẹn o. Búrẹ́dì ló tán nílé. Wọ́n fẹ́ kí o ra búrẹ́dì bọ̀ tó o bá close.”

Mo sunkún. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ ìpè yẹn lójú oorun, tí mo ń rò pé bàbá mi ń kígbe pè mí kí n wá gba ẹ̀mí àwọn là. Mummy fi ọwọ́ pa mí lórí bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọwọ́ wọn tutù. Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Mummy dìde.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní. “Ẹ má fi mí sílẹ̀. Mi ò ní ẹlòmíì.”

“O ti dàgbà, Adùnọlá. Mo ti sọ fún ẹ kí a tó kúrò nílé.”

Wọ́n ká aṣọ funfun kábánà náà sókè, wọ́n ń lọ sí etí omi lẹ́sẹ̀ lásán. Mo di etí sùtánà wọn mú, ó sì yọ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Mo wo ibi tí wọ́n ń wò.

Sílípáàsì Mummy wà níbẹ̀, ẹnì kan ti tò ó pọ̀ dáadáa. Kò dojú kọ kábánà bí wọ́n ṣe bọ́ ọ sílẹ̀, kò sì dojú kọ omi. Ọ̀nà ọkọ̀ ló dojú kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni sálúbàtà aláwọ̀ kan wà, aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n fi okùn dúdú rán gìgísẹ̀ ẹ̀ kan. Èmi ni mo rán an. Èmi náà ni mo dì í sínú ọ̀rá lẹ́yìn ìsìnkú, tí mo gbé e fún ṣọ́ọ̀bù aláàánú tó ń gba ẹrù àlòkù ní Woolwich. Inú kábánà ni sálúbàtà yẹn dojú kọ. Iyanrìn tó yí i ká jọ̀lọ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

Mummy na ọwọ́ sí sálúbàtà náà.

“Wọ́n ní kí n máa lọ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Mi ò sún mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n sunkún tán, wọ́n padà wọlé, wọ́n bọ́ sùtánà, wọ́n ká a sórí àga kẹta. Wọ́n yọ káàdì Daddy nínú báàgì, wọ́n fi í sábẹ́ ife omi. Wọ́n yíjú sí àga náà, wọ́n ní, “Mo ti gbọ́, Daddy Adùnọlá. Ẹ ṣé.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì wọn láì bẹ̀rẹ̀, a sì ń lọ.

Kí n sọ òtítọ́. Mo wo sílípáàsì tèmi kí n tó wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe jù ú sílẹ̀ ló wà, ọ̀kan ṣì dojú dé. Ó dùn mí, bí mo tilẹ̀ ti tó ẹni ogójì ọdún.

Lẹ́nu ọkọ̀, ẹ̀ṣọ́ àárọ̀ ní ẹnì kan ṣì kù lára wa ní erékùṣù, ṣé kí àwọn pe orúkọ rẹ̀ ni. Mo sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá mi ti kú láti oṣù mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fi ẹnu mi sọ ọ́ nìyẹn. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Mummy, ó sì rọra ṣí fìlà.

A padà sí Thamesmead. Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìsìn sì parí, mo rí wọn tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wá bàtà láàárín àwọn ìyá yòókù, tí wọ́n sì ń bá wọn ṣàwàdà. Ara wọn yá débi pé wọ́n lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Glyndon Estate, ó sì ku èmi nìkan nílé.

Ọjọ́ Friday yẹn, iṣẹ́ pa mí débi pé mo fi ẹsẹ̀ ta bàtà iṣẹ́ mi dànù ní pálọ̀, ọ̀kan wọ abẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí èkejì balẹ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wá a, mi ò rí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá a. Ẹnì kan ti tò ó pọ̀, ó ti tú okùn ẹ̀ sílẹ̀ kó má baà ni mí lára, ó sì dojú ẹ̀ kọ ìta.

Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo pe Mummy lórí fóònù, oorun ṣì wà lójú wọn ní Glyndon. Mo ní kò sí nǹkan, mo kàn kí wọn ni. Lẹ́yìn náà ni mo ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, inú ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, mo yà ra búrẹ́dì.