Àlàfo Inú Téèpù

Ọwọ́ tí tíṣà gbé lé ẹ̀rọ téèpù ni aránṣọ kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ó gbé e lé e pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbọ́wọ́ lé èjìká ènìyàn. Inú pálọ̀ rẹ̀ ni tíṣà ti ń kọ́ àwọn àgbà ní èdè òyìnbó, obìnrin aránṣọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn ni.

"Come round," ohùn obìnrin kan wí nínú ẹ̀rọ náà, ó sì dákẹ́ kí kíláàsì lè tún un pè.

Tíṣà ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó: kéèyàn yà sílé ẹni, kí ẹni tó dákú lajú padà, kí olórí kunkun yí ọkàn padà.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ ò tiẹ̀ ṣàánú ẹ̀," aránṣọ wí. Tíṣà rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ wá tún un pè tọkàntọkàn. Ohùn náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "O ṣeun."

Tíṣà yára pa ẹ̀rọ náà. Kò sí "o ṣeun" kankan nínú téèpù yẹn.

"Ìyàwó mi ni," ó sọ fún un nígbà tí kíláàsì tú. "Ó ti kú."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, tòun tẹ̀rù. Tíṣà ń sìn ín dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń pè é ní Abẹ́rẹ́ Mi torí pé ẹnu rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti yọjú, tíṣà á ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ẹ wọlé nígbà tí ẹlòmíì ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀ dé egungun, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá òkú jowú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku àwọn méjèèjì nìkan ní pálọ̀, aránṣọ tẹ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

"Come round." Àlàfo dé. Òtútù gba pálọ̀ kan.

"Gbogbo wa la máa ń dá a lóhùn, àfi ẹ̀yin," aránṣọ wí. "Ẹ̀yin ló ń retí."

Téèpù ń yí. Wọ́n ń gbọ́ èémí nínú rẹ̀. Omijé bọ́ lójú tíṣà.

"Mo gbọ́, aya mi. Ó dojú àlá."

"O ṣeun," ohùn náà wí. Téèpù dúró.

Aránṣọ nawọ́ láti yọ wáyà lára ògiri. Wáyà náà ká sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò kan ògiri rárá.

Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Abẹ́rẹ́ Mi, o ti ń yà wá síbí tipẹ́. Ṣé o ò ní dúró?" Ó dákẹ́, ó ń retí.

Aránṣọ ò jẹ́ kí àlàfo náà gùn. "Ẹ palẹ̀ tábìlì yẹn mọ́. Ibẹ̀ ni màá gbé máṣíìnì mi sí."