Ogún Kílò Tí Akọ̀wé Yọ

"Mọ́kànlélógójì," ni ìyá kà lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ó di etí tábìlì ìránṣọ rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ àgbà mú bírò dání, kò kọ nǹkan kan.

"Màámi, ṣé kí n kọ àádọ́ta? Ẹni tó máa kà á ò kúkú mọ̀ yín."

"Ta lo fẹ́ kó wọ ọkọ̀ ọ̀hún, èmi ni àbí ẹlòmíì? Kọ ohun tó o rí."

Ó kọ ọ́. Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, kílò méjìdínláàádọ́rin ni. Télọ̀ ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dín gbogbo aṣọ rẹ̀ kù, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà.

Dókítà ti bá tọkọtaya náà sọ̀rọ̀. Ìyá kò ní rí òpin ọdún. Wọn ò fi pa mọ́ fún ọmọ wọn àgbà, torí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, ni wọn ò sọ fún, wọ́n ní kó máa ṣeré rẹ̀ lọ.

Ọkọ ìyá bi í pé kí ló wù ú. Ó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ rọ́bà lórí odò.

"Ọkọ̀ kí ni?" Wẹ́dà ni ọkọ náà, ìró irin ti dí i létí díẹ̀.

"Rọ́bà. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí."

Nígbà tí ìyá ń lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ọkọ̀ tó wọ̀ gba orí afárá kan. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ rọ́bà lórí omi tó ń hó láàárín àpáta. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà á wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ogún ọdún ti kọjá. Aṣọ ìrìn-àjò àwọn ẹlòmíì ló ń rán.

Odò náà kì í gba ọkọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn òjò. Tó bá ti fà, àpáta á yọrí. Atukọ̀ kan wà tó máa ń kó ìdílé gba orí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lórí omi, oorun méjì nínú àgọ́ létí odò. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù, kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé, kí wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ orí oníkálukú, àìsàn rẹ̀, àti kílò rẹ̀.

"Kílò yẹn ṣe pàtàkì o," ó bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù. "Òun ni mo fi ń yan ẹ̀wù ìléfòó, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Òun náà ni mo fi ń pín ìjókòó. Wákàtí mẹ́fà ni mo máa rìn dé etí odò. Ẹ̀wù tí mo bá kó wá ló wà, kò sí òmíràn."

Ọmọ àgbà ló ń kọ gbogbo ètò ìrìn náà, ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń pè é ní Akọ̀wé. Àwọn ará kíláàsì rẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀. Àgbá ni wọ́n ń pè é, torí ara rẹ̀ tóbi. Tó bá ń kọjá, àwọn kan á máa fẹnu dún bí àgbá òfìfo tó ń yí lórí kọnkéré.

Bàbá gun ẹ̀rọ ìwọ̀n: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Kékeré gùn ún: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì ń fò lórí rẹ̀ títí tí bàbá fi gbé e kúrò. Bàbá mú ìyá lọ sí yàrá kó lọ sinmi, Kékeré tẹ̀ lé wọn. Ó ku Akọ̀wé nìkan. Ó bọ́ bàtà. Ó gun orí ẹ̀rọ.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náà ni. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́nì kankan. Ó kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó yọ ogún kílò kúrò bí ẹni yọ òwú lára aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé gbóná fún ìmúrasílẹ̀. Akọ̀wé lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: àgọ́ méjì, ẹní mẹ́rin, iná ọwọ́, ìṣáná tí wọ́n fi ọ̀rá wé, òògùn ìyá nínú ike tí omi ò lè wọ̀. Bàbá jó irin pọ̀, ó fi ṣe àga kékeré kan tó ní ẹ̀yìn, kí ìyá lè fara tì í níwájú àgọ́. Atukọ̀ gbọ́, ó figbe ta lórí fóònù.

"Irin kẹ̀! Nínú ọkọ̀ rọ́bà! Ṣé ẹ fẹ́ ká rì ni, Ọ̀gá Wẹ́dà?"

Bàbá tú àga náà. Ó fi tapólì àti okùn ṣe òmíràn. Wẹ́dà tó ń gán okùn! Ìyá fi rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Sunday, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá sí àárín pálọ̀, wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Ìgbálẹ̀ ni àjẹ̀. Bàbá dúró lẹ́yìn bí atukọ̀.

"Ẹ wà á síwájú! Ẹ wà á sẹ́yìn! Àpáta! Ẹ di okùn mú!"

"Bàbá wọn, ìgbálẹ̀ yín ti gbá mi létí."

"Omi ò mọ ìyàwó ẹnìkan, ẹ máa wà á!"

Kékeré ṣubú sílẹ̀, ó ní òun ti rì. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Akọ̀wé ló fi ẹ̀yìn gbé e ró. Bí Atukọ̀ ṣe pín in nìyẹn: ìyá àti Akọ̀wé ní àárín, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ tó lágbára lè di ìyá mú.

"Ọjọ́ mẹ́ta gbáko," ìyá sọ sí i létí. "Èmi pẹ̀lú ẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ tó pọ̀, kì í ṣe nínú ilé yìí."

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wá gba aṣọ tí ìyá rán fún un. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe òun, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Fóònù bàbá dún. Bàbá wà lábẹ́ ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí Akọ̀wé gbé e. Fóònù náà ti bàjẹ́, ohùn rẹ̀ a máa jáde síta fún gbogbo ayé.

Atukọ̀ ni. "Mo ń di ẹrù. Jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá, kílò mọ́kànlélógójì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ fúnra ẹ, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Akọ̀wé kẹ̀yìn sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Nígbà tí Atukọ̀ pa fóònù, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lo gbé lé e ni?"

"Gba aṣọ ẹ, kó o máa lọ."

Fóònù náà wà nílé lọ́jọ́ yẹn, ó wà nílé lọ́jọ́ kejì. Ó lè pe Atukọ̀ padà. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀wù á kàn fún òun díẹ̀ ni. Aṣọ tó fún kì í ṣe nǹkan tuntun lára rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn pé, ariwo odò ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n tó rí i. Ọkọ̀ rọ́bà ti wà létí omi, ó wú kẹ̀ǹkẹ̀. Atukọ̀ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú, apá rẹ̀ nípọn. Awakọ̀ tó gbé wọn wá ń dúró kó lè gbé mọ́tò yí ká lọ sí ibi tí wọ́n á gúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ kẹta.

Atukọ̀ pín ẹ̀wù. Ti ìyá bá a mu. Ti Kékeré bá a mu. Ti bàbá bá a mu. Ó gbé ti Akọ̀wé wọ̀ ọ́, ó fa ìdè méjèèjì síra. Ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Fa ikùn sínú."

Ó fà á sínú. Kò dé.

Atukọ̀ yọ ìwé lápò. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà níbí. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni."

"Kílò mélòó ni?"

Ariwo omi bo ohùn rẹ̀. Ó ní láti tún un sọ, ó sì ní láti pariwo rẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀, wọ́n gbé e wọ̀ ọ́. Òun náà kò dé. Ìyá ti ṣí àpò rẹ̀, ó ti mú abẹ́rẹ́ àti òwú jáde.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n fi okùn lé e. Kò ní pẹ́ rárá."

"Màmá, mo mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí wọ́n bá ti tú, mi ò lè fi gbé ọmọ ọlọ́mọ. Tí omi bá fà á ya, èmi ni màá wá máa wá a kiri."

"Tá a bá sún un di ọ̀la ńkọ́?" ni bàbá bi í.

"Ìdílé mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, Ọ̀gá. Omi sì ti ń fà."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ilé ìwòsàn ń retí ìyá. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n.

Ìyá jókòó lórí òkúta. "Mi ò lọ mọ́. Ibi tí ọmọ mi bá wà ni mo wà."

Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá yíjú sí omi.

Ìyá na ọwọ́ sí Akọ̀wé. "Wá. Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́ láti ìgbà tó o ti wà lọ́wọ́. Kò sí ibi tí mi ò mọ̀ lára ẹ, kò sì sí ibi tó pọ̀ jù lójú mi. Ó ṣe mí bíi kí n ka ìwé yẹn kó tó lọ. Mo wá ní, Akọ̀wé ló kọ ọ́, kí ni mo tún ń kà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Akọ̀wé ju ìlagbà lọ. Ó wo ọkọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú sálúbàtà.

"Ẹ lọ, Màámi."

"Mo ní mi ò lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ba tèmi jẹ́. Tẹ́ ẹ bá dúró tì mí, mo ti ba tiyín náà jẹ́ nìyẹn. Màá wà níbi tẹ́ ẹ ti máa gúnlẹ̀."

Ìyá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mi orí pé òun gbà.

Bàbá wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, ó gbé ìyá wọnú ọkọ̀. Atukọ̀ di àpò àgọ́ méjèèjì mọ́ ìjókòó Akọ̀wé, kí ọkọ̀ má bàa dẹ̀gbẹ́. Ìyá fi apá kan gbá àpò náà mú. Wọ́n yí igun àpáta. Akọ̀wé gbọ́ igbe wọn, ó gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀, ariwo omi sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sí ibi ìgúnlẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni awakọ̀ náà. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Omi ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ohùn.

Wọ́n dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Ohùn ìyá ti há, ojú rẹ̀ ń dán. Fìlà bàbá ti bá omi lọ. Kékeré ń sọ ti ọ̀bọ tó jí ṣúgà wọn, bàbá ń sọ ti ìgbì tó gbé ìyá fò sókè tó tún gbé e padà sí ìjókòó.

"Akọ̀wé, ó yẹ kó o rí i nígbà tí..." ni ìyá bẹ̀rẹ̀. Ó fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Aṣọ rẹ̀ tutù.

Ọ̀rọ̀ tó ní òun fẹ́ bá a sọ kò jáde mọ́. Ilé ìwòsàn gbà á, òògùn gba ohùn rẹ̀. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ìrìn náà.

Àwọn èèyàn ń wá kí wọn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá bi í nípa odò, á tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kékeré á máa fi kún un. Akọ̀wé á máa gbọ́. Kò ní nǹkan kan tó lè fi kún un.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà wá. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n ní Màmá gbádùn odò yẹn gan-an. Ẹ̀gbẹ́ wọn lo jókòó sí, àbí?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

Akọ̀wé sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, fóònù, ẹ̀wù tí kò dé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ranjú.

"Fóònù wo? Kí ni mo sọ?"

Ó ti gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ti gbàgbé pátápátá, bóyá kó tó délé lọ́jọ́ náà.

"Ṣé nítorí tèmi ni?" ló bi í, omi sì ti lé sójú rẹ̀.

"Rárá," ni Akọ̀wé wí. "Ọwọ́ mi ni bírò wà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, irọ́ tí à ń pa torí ìtìjú kì í sábà dà bí irọ́ lójú wa. Ó kéré, a sì rò pé ara wa nìkan la pa á fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń torí ẹ̀rín rẹ̀ parọ́ á ti gbàgbé. Ẹni tó fọkàn tán wa ni kò ní yẹ ìwé náà wò. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ojú á tì yín, ìtìjú náà á sì kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta tí Akọ̀wé pàdánù ni kò padà wá mọ́.